Pátákó Ọ̀gá Orímisàn Kò Gba “Láìpẹ́”

Mẹ́tàlá. Iye ìgbà tí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe gémù Ẹsẹ̀ Odò ti yẹ àdéhùn lórí ọjọ́ tí gémù náà yóò jáde nìyẹn, iye náà gan-an ni wọn kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Nígbàkígbà tí wọ́n bá kéde ìlérí tuntun, wọn a kọ́kọ́ pa ti àtijọ́ rẹ́ kúrò lójú ewé wọn, kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè rò pé ìlérí àkọ́kọ́ ni òun ń kà. Ṣùgbọ́n pátákó dúdú kan wà lára ògiri pálọ̀ mi ní Orhuwhorun, nítòsí Warri. Ṣọ́ọ̀kì ni mo fi ń kọ nǹkan sí i, n kì í sì í nu ohunkóhun kúrò níbẹ̀. Ìlérí mẹ́rin àkọ́kọ́ ní ọjọ́ nínú. Mẹ́ta tó tẹ̀lé e ní oṣù, wọn kò ní ọjọ́. Mẹ́fà tó kẹ́yìn kò ní nǹkan kan nínú ju ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ: “láìpẹ́”. Ó dá mi lójú, nítorí èmi ni mo túmọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá sí Yorùbá fún wọn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ ń bi mí pé, “Popsi, dis game work, e good make person enter am?”, ìdáhùn mi nìyí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á, nítorí ohun tó ń bí mi nínú kò ṣeé sọ ní ìdúró.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ náà kò gùn. Mo kẹ́kọ̀ọ́ físíìsì jáde ní yunifásítì, iṣẹ́ kò sí, bàbá mi tí í ṣe ará Ìjẹ̀bú fà mí lé Ọ̀gá Orímisàn lọ́wọ́ ní Enerhen, ní Warri, ó parí. Owó tí mo gbà nígbà náà kò tó ohun tí à ń sọ létí ọmọlúàbí.

Ọmọ apẹja Ìlàjẹ ni Ọ̀gá Orímisàn, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè. Ó ń tún rédíò ṣe, ó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe, òun náà sì ni ẹni àkọ́kọ́ ní agbègbè wa tó ń tú inú ẹ̀rọ gémù tí àwọn ọmọ ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

“Yunifásítì,” ni ó wí, orúkọ tí ó ń pè mí títí ó fi kú nìyẹn, “kí ni iná?”

Inú mi dùn. Mo ṣàlàyé. Mo sọ bí iná ṣe ń rìn nínú wáyà, mo sọ ohun tó ń dí i lọ́wọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ya àwòrán rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá gbọ́ gbogbo rẹ̀ dé òpin láìjá lù mí.

“O ṣeun,” ni ó wí. “Ó dára gan-an. Gbá ilẹ̀.”

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi gbálẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan irin gbígbóná tí a fi ń jó lẹ́ẹ̀dì mọ́ wáyà. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ó fi lé mi lọ́wọ́ yàtọ̀ sí ìgbálẹ̀ ni pátákó dúdú tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Orúkọ oníbàárà ni màá kọ sí i, ohun tó gbé wá, àti ọjọ́ tí yóò wá gbé e. N kò gbọdọ̀ kọ “lọ́sẹ̀ yìí”. N kò gbọdọ̀ kọ “tó bá yá”. Ọjọ́ ni, tàbí kí n kọ “A kò tíì mọ̀”. Bí ọjọ́ náà bá sì yẹ̀, n kò gbọdọ̀ nu ún. Ìlà ni màá fà lé e, màá wá kọ òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó ni ẹrù lè rí méjèèjì.

Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan. “Ọ̀gá, ṣé kì í ṣe pé à ń fi ìtìjú wa han gbogbo ayé báyìí?”

“Ìtìjú tìẹ ni à ń fi hàn. Tèmi ti gbó.”

Òfin kejì kò sí lára pátákó, ẹnu ló fi ń sọ ọ́: “Kí oníbàárà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, kí o ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.” Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí o bá ti mọ̀ pé ọjọ́ yóò yẹ̀, ìwọ ni yóò wọ bàtà, ìwọ ni yóò rìn lọ sí ilé rẹ̀ láti lọ sọ ọ́. Oníbàárà kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá gbọ́ pé o kùnà.

Mo ka òfin yìí sí àṣejù àgbàlagbà. Ẹni tó ka ìwé dé ibi tí mo kà á dé, kí ló fẹ́ fi pátákó ṣe? Alájì Rájí ló kọ́ mi lọ́gbọ́n.

Ará Ọ̀yọ́ ni Alájì, ó ń ta ìkòkò àti abọ́ nínú ọjà. Ó gbé ẹ̀rọ gémù àwọn ọmọ rẹ̀ wá kí ọdún Iléyá tó dé. Ọ̀gá kò sí nílé lọ́jọ́ tí mo pinnu láti fi hàn pé mo mọṣẹ́. Mo tú ẹ̀rọ náà, mo ti irin gbígbóná bọ ibi tí kò yẹ, pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sì jó. Nígbà tí Alájì dé, mo ní, “Alájì, ó ti fẹ́ẹ̀ parí.” Ó padà wá. Mo ní, “Ó ku díẹ̀, Alájì.” Nígbà tí ó wá lẹ́ẹ̀kẹta tí ó sì fi ọwọ́ tọ́ka sí ọjọ́ tó wà lára pátákó, mo dúró kí ó lọ tán, mo sì fi àtẹ́lẹwọ́ mi nu ọjọ́ náà nù.

Ọ̀gá dé ní ìrọ̀lẹ́. Kò wo pátákó rárá. Ó ní, “Yunifásítì, na ọwọ́ rẹ.” Ó rí ṣọ́ọ̀kì funfun nínú àtẹ́lẹwọ́ mi. Kò lù mí. Ó ní kí n mú pánẹ́ẹ̀lì tó jó náà dání ní ìhòòhò rẹ̀, láìfi bébà wé e, kí n sì fi ẹsẹ̀ rìn láti ṣọ́ọ̀bù dé ìsọ̀ Alájì lójú gbogbo ọjà.

Alájì wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi. “Ó jó?”

“Ó jó, Alájì.”

“Ta ló jó o?”

“Èmi ni, sà.”

Ó gbé abọ́ tó ń nù sílẹ̀. “Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wá. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń padà lọ, ohun tí màá wí fún àwọn ọmọ ni mo máa ń rò lójú ọ̀nà. Ṣé o rí i, ọmọ mi? Ìwọ lo pa irọ́, èmi ni mo ń bá ọ gbé e délé.”

Gbogbo ohun tí mo kà ní yunifásítì kò ní gbólóhùn kan nínú tó wúwo tó ìyẹn.

Àjálù gan-an dé lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, nígbà tí mo ti di igbákejì Ọ̀gá, tí a sì ti ya yàrá ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù sọ́tọ̀ fún ilé gémù, níbi tí àwọn ọmọ ti ń sanwó gbá gémù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, iná tó ti lọ fún ọjọ́ mẹ́ta padà dé pẹ̀lú agbára tó ju agbára lọ. A gbọ́ ìró bí ìgbà tí wọ́n da omi sínú epo gbígbóná. Kí n tó dé ibi tí a ti ń pa á, ẹ̀rọ mọ́kàndínlógún ti jó, tiwa àti ti oníbàárà. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọ̀gá kò jókòó. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ orúkọ gbogbo àwọn tí ẹrù wọn wà níbẹ̀, ó fa ìlà lé ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ “A kò tíì mọ̀” sí iwájú gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà ni ó wọ bàtà.

Ilé kọ̀ọ̀kan ni a dé. Ní Edjeba, obìnrin kan tó ní ilé ìṣerunlóge ṣí ilẹ̀kùn, ó gbọ́ wa tán, ó di ìbàdí mú.

“So una waka from Enerhen come tell me say my own don burn?”

“Na so, madam,” ni Ọ̀gá dáhùn.

“Una two no well. Siddon drink water.”

Ẹnìkan ṣoṣo ló bú wa dáadáa, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti bú wa. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbé ẹrù rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, kódà ẹni tó bú wa.

Irinṣẹ́ yí padà. Láyé kásẹ́ẹ̀tì, bí o bá ra gémù, gémù náà ti wà lódindi nínú kásẹ́ẹ̀tì tí o mú dání. Bí kò bá ṣiṣẹ́, o fẹ́ atẹ́gùn sí i nídìí, ó ṣe tán. Sìdí dé, a di ẹni tó ń fi òwú nu lẹ́ńsì láti àárọ̀ dé alẹ́. Lẹ́yìn náà ni fóònù dé, tí kò ku nǹkan kan tí a lè fọwọ́ mú mọ́. Ilé gémù dá páropáro. N kò bá ayé jà nítorí ìyẹn. Odò kì í ṣàn sẹ́yìn. Ohun tí mo ń bá jà ni àṣà kan tó tẹ̀lé e wọlé: wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ohun tí wọn kò tíì ṣe fún àwọn ènìyàn. Àwòrán ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé jáde, orin tẹ̀lé e, ìlérí tẹ̀lé orin, gémù fúnra rẹ̀ ló máa ń kẹ́yìn, bó bá tilẹ̀ dé rárá.

Àsìkò yìí ni àwọn tó ń ṣe Ẹsẹ̀ Odò wá mi kàn. Èkó ni ọ́fíìsì wọn wà. Gémù nípa odò wa ni wọ́n ní àwọn ń ṣe: ìwọ tó ń gbá a yóò wa ọkọ̀ láàárín igi ẹ̀gbà tó ń hù nínú omi, ìwọ yóò mọ ìgbà tí omi ń kún àti ìgbà tó ń fà, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ yóò sì máa sọ èdè bí a ṣe ń sọ ọ́ níbí. Wọ́n nílò alárinà tí yóò máa kọ ìkéde ní Yorùbá àti ní Pijin, tí yóò sì máa gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí ń gbá gémù. Inú mi dùn dé ibi pé èmi náà ni mo dábàá Ọ̀gá Orímisàn, tó ti dàgbà gan-an nígbà náà, láti jẹ́ ohùn àgbà ọlọ́kọ̀ inú gémù.

Inú yàrá kan ní Edjeba ni wọ́n ti gba ohùn rẹ̀, wọ́n fi mátírẹ́ẹ̀sì bo ògiri yíká. Ìyàwó rẹ̀, Màmá Tọ́pẹ́, jókòó síta, ó gbé fìlà Ọ̀gá lé orúnkún. Ọ̀gá ka ìwé tí wọ́n fún un, ó dúró lójijì, ó yọ awò ojú.

“Ta ló kọ ‘A ó gúnlẹ̀ láìpẹ́’ síbí?”

Ọmọkùnrin tó ń gba ohùn ní, “Bàbá, na just script.”

“Ọlọ́kọ̀ kì í sọ bẹ́ẹ̀. Bí o bá sọ ‘láìpẹ́’ fún èrò ojú omi, wọn a dìde dúró, ọkọ̀ a dojú dé.”

Ó sì sọ tirẹ̀ dípò rẹ̀. Ìlàjẹ ló fi sọ ọ́, mo kọ ọ́ síbí bí gbogbo wa yóò ṣe lè kà á: “Omi kì í ṣèlérí, àkókò ló ń pa mọ́.” Gbogbo yàrá pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní àwọn yóò fi sí i. Bí ẹ bá ń wá ẹ̀rí pé àwọn ènìyàn yìí gbọ́ òtítọ́ ní kedere kí wọ́n tó ṣe ìdàkejì rẹ̀, ẹ̀rí náà wà nínú ẹ̀rọ tiwọn.

Ọ̀gá kú kí ọjọ́ kejì tí wọ́n dá fún gémù náà tó pé. Lẹ́yìn ìsìnkú ni Màmá Tọ́pẹ́ sọ ohun tí kò sí ẹni tó rò nínú wa: kò sí ohùn rẹ̀ níbì kankan. Ọkùnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ tún rédíò àwọn ẹlòmíràn ṣe kò fi ohùn tirẹ̀ sílẹ̀ sínú fóònù kankan, sínú téèpù kankan. Inú gémù yẹn nìkan ló wà.

Láti ìgbà náà, nígbàkígbà tí ọjọ́ tí wọ́n kéde bá pé, màmá náà a wọ mọ́tò wá sí Orhuwhorun, a ti fi iná kún inú fóònù rẹ̀ dáadáa, a jókòó sí pálọ̀ mi. “Kọ́lá, ó ti jáde?”

“Kò tíì jáde, Màmá. Wọ́n ní oṣù tó ń bọ̀.”

Màmá a di fóònù náà padà sínú aṣọ. Yóò ní, “Ó dára.” Yóò padà sílé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fojú inú wo ta ni mo ti dà. Ilé-iṣẹ́ pa irọ́, èmi túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá tó já gaara, opó ọ̀gá mi ń bá wa gbé e délé.

Àwọn tí ń dúró láti gbá gémù kò sì dákẹ́. Lójú wásáàpù tí mo ń bójú tó, ọ̀rọ̀ ń dà bí òjò. “Warri no dey carry last, but una don carry last finish.” “Dis game na belle abi na goitre? Since when, e never born.” Ẹnìkan kọ pé òun ra fóònù tuntun nítorí gémù yìí, pé fóònù náà ti gbó báyìí, gémù kò tíì débì kankan. Kí ni ilé-iṣẹ́ ní kí n fi dáhùn? “Ẹ ṣeun fún sùúrù yín.” Ìdáhùn tó padà wá tọ́ sí wọn: “Who tell una say we get patience? Na una dey thief am.” Ní ọjọ́ kejì, ọ́fíìsì pàṣẹ pé kí n yọ ẹni tó kọ ọ́ kúrò.

Mo pe obìnrin tó ń ṣe olórí ìkéde wọn. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ó máa ń kí mi dáadáa kí ó tó pa mí lára.

“Ẹ káàsán, sà. Ẹ ṣáà kọ ‘láìpẹ́’, sà.”

“Ọjọ́ wo ni láìpẹ́ bọ́ sí?”

“Ẹ má fi ọjọ́ sí i, sà. Tí a bá fi ọjọ́ sí i, wọ́n á fi mú wa.”

“Ohun tí ọjọ́ wà fún nìyẹn, ọmọ mi.”

Ó rẹ́rìn-ín. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò nílò kí gémù parí: ohùn Ọ̀gá Orímisàn. Ẹ gé e kúrò, ẹ fi ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀, kò ju iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ó ní òun gbọ́, ó ní ọ̀rọ̀ náà wọ òun lákínyẹmí ara. Ó wá ní, “A ó fi ránṣẹ́ láìpẹ́, sà.”

Ọjọ́ náà ni mo fẹ̀yìn tì. Kò sí àsè, kò sí àwo ìrántí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣi ọ̀rọ̀ mi gbọ́. N kò bínú nítorí pé iṣẹ́ pẹ́. Èmi tí mo fi oṣù mẹ́jọ gbálẹ̀ mọ ohun tí iṣẹ́ ń gbà. Gémù ṣòro, àṣìṣe kan nínú rẹ̀ lè ba oṣù mẹ́fà jẹ́, ẹni tó bá sì sáré gbé e jáde yóò gbé àbàwọ́n jáde. Ohun tí mo kọ̀ ni kí a fi ọ̀rọ̀ rírọ̀ bo ohun tí a kò mọ̀, kí a nu pátákó nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, kí a sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn fún sùúrù tí a kò tọrọ. “A kò tíì mọ̀” kò pa ilé-iṣẹ́ kankan rí. Nígbà tí ẹ̀rọ mọ́kàndínlógún jó mọ́ wa lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ yẹn ló gbà wá sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì tí mo fẹ̀yìn tì, mo wọ bàtà. Mo lọ sí ilé Màmá Tọ́pẹ́ kí ó tó wá sí tèmi. Ó ń sá ẹja sóòrùn lẹ́yìnkùlé. Mo dọ̀bálẹ̀.

“Màmá, n kò mọ ìgbà tí yóò jáde. Wọn kò mọ̀ pẹ̀lú. Ó ti pẹ́ tí ó yẹ kí n ti sọ ọ́.”

Ó gbé ẹja ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Ṣé o kọ ọ́ sí pátákó?”

“Mo kọ ọ́, Màmá.”

“Mélòó ni ìlà tó wà níbẹ̀?”

“Mẹ́tàlá.”

“Hẹn. Ọ̀gá rẹ ì bá ti fi ọ́ gbálẹ̀ títí di òní.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Lẹ́yìn náà ni ó bi mí pé: “Ohùn rẹ̀ ńkọ́? Ṣé wọn kò nu òun náà nù?”

Nítorí náà, ẹ̀yin olórí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe Ẹsẹ̀ Odò, ẹ̀yin ni mo kọjú sí báyìí. Ẹ dá ìkéde mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá padà sí ojú ewé yín, ẹ fa ìlà lé wọn, kí gbogbo ènìyàn lè rí wọn. Ẹ kọ ọjọ́ sí ìkẹrìnlá, tàbí kí ẹ kọ “A kò tíì mọ̀”. Ọ̀rọ̀ kẹta kò sí. Ẹ dá àwọn tí ẹ yọ kúrò padà, kí ẹ sì dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣe èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, ohùn kan wà lọ́wọ́ yín tí kì í ṣe tiyín. Ẹ mú un jáde lónìí. Ẹ má fún èmi, ẹ má fi ọ̀rọ̀ rírọ̀ ṣáájú rẹ̀. Ẹ wọ bàtà, ẹ wá sí Warri, kí ẹ fi lé opó náà lọ́wọ́. Fóònù rẹ̀ ti kún fún iná. Ẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín.